Ta Ló Ṣe É?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́. Inú fíìmù ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu bàbá àti ìyá kan tó ń gbé ní Kansas ní Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wọn nílé, ó bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wọn tí orí ẹ̀ fi dà báyìí. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí i. Àìsàn ọpọlọ ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ parí.

Àwọn fíìmù tí wọ́n ń pè ní indie ni mò ń wò jù. Owó tí wọ́n fi ń ṣe wọ́n kì í pọ̀, àwọn èèyàn inú wọn sì máa ń ṣe bákan ṣáá: ẹni tó gbé bèbí wálé bí àfẹ́sọ́nà, ẹni tó ń wọ orí bébà sùn, ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ ńlá tó fi owó ẹ̀ ra ètò tẹlifíṣọ̀n kó lè máa sọ̀rọ̀ nípa ara ẹ̀. Bí ẹ bá tú ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn wò, àìlera ọpọlọ lẹ máa bá níbẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nílé tí mo ti ń wò wọ́n, ní Òkè-Àró níbí ní Àkúrẹ́, ẹnì kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tí tiwọn kì í ṣe fíìmù.

## Eégún wo nìyí?

Alẹ́ Sátidé ni. Iná wà, ìyẹn gan-an tó ròyìn. Mo gbé láàpútọ́ọ̀pù mi lé àpótí nínú pálọ̀, mo ń wo Frank, fíìmù tí Lenny Abrahamson, ọmọ Ireland, gbé jáde ní 2014. Michael Fassbender ló ṣe Frank, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́ kí ẹ tó rí ojú ẹ̀. Orí ńlá kan ló dé bo tiẹ̀, orí tí wọ́n fi bébà àti gọ́ọ̀mù mọ, tí wọ́n wá kun ojú ràbàtà méjì sí bíi ti bèbí. Frank kì í bọ́ ọ. Ó ń fi kọrin, ó ń fi wẹ̀, ó ń fi sùn. Òun ni olórí ẹgbẹ́ olórin kan tí kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹgbẹ́ náà.

Jon, ọmọ kan tó ń wá bó ṣe máa di olórin, rí àyè wọ ẹgbẹ́ yìí nítorí pé ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wọn kó wọ inú òkun, ó fẹ́ pa ara ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é nínú fíìmù, ẹ̀rín ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kú ò tíì tán nílẹ̀ tí Jon ti ń sọ pé òun náà mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tán ni mo rántí pé ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ ẹ̀wọ̀n ọdún 1 sílẹ̀ de irú ẹni bẹ́ẹ̀ bó bá yè é.

Màmá mi wọlé pẹ̀lú igbá ẹ̀gúsí. Ẹ̀gúsí bíbó ni iṣẹ́ alẹ́ wọn, torí pé wọn ò nílò iná fún un. Wọ́n jókòó, wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà díẹ̀.

"Eégún wo nìyí?"

"Kì í ṣe eégún, mà. Olórin ni. Ara ẹ̀ ni ò yá."

"Ara ò yá, ó sì wọ agọ̀." Wọ́n bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́ta sí i. "Kí wọ́n má ṣí i o. A kì í ṣí eégún lójú."

Mo fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ. Gbogbo wàhálà inú fíìmù yẹn, orí pé Jon ò lè fi eégún sílẹ̀ ló dá lé. Ó ń ya fídíò ẹgbẹ́ náà ní bòókẹ́lẹ́, ó ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wọ́ gbogbo wọn dé àjọ̀dún orin ní Texas. Ó fẹ́ kí ayé rí Frank, kí ayé lè tipa bẹ́ẹ̀ rí òun. Nígbà tó yá ó fẹ́ fipá bọ́ orí bébà náà. Frank sá jáde, ọkọ̀ gbá a, orí náà fọ́ sójú títì. Bóyá àwọn tó kọ fíìmù yẹn gbọ́ nípa eégún rí tàbí wọn ò gbọ́, wọ́n mọ èèwọ̀ ẹ̀.

Jon wá Frank kiri títí ó fi bá a nílé àwọn òbí ẹ̀. Orí bébà ò sí mọ́. Ọkùnrin kan lásán ló wà níbẹ̀, àpá wà lórí ẹ̀ níbi tí orí náà ti ń ha á fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ ò sì fẹ́ẹ́ jáde lẹ́nu ẹ̀. Jon kọjú sí àwọn òbí. Kó tó la ẹnu, màmá mi ti bi wọ́n ná, láti Òkè-Àró:

"Ta ló ṣe é?"

Mo túmọ̀ èsì wọn sí Yorùbá. Mo ní, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ṣe é, kò sì sí ohun tó ṣe é. Àìsàn ni.

"Dá a padà."

Mo dá a padà. Màmá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Kansas, ojú ìyá Frank ni wọ́n ń wò.

"Ìyá ẹ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, mà."

Màmá mi mú ẹ̀gúsí kan sáàárín èékánná méjì, wọn ò bó o. Fíìmù ń lọ, wọn ò wò ó mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ọdún mọ́kànlá la ò fi jẹ oúnjẹ Ìyá Kékeré."

## Obìnrin dúdú, kúkúrú

Àbúrò màmá mi ló wà ní yàrá ẹ̀yìn. Bọ̀ọ̀dá Onírédíò la máa ń pè wọ́n. Àdúgbò Yaba ní Oǹdó ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà nígbà náà. Rédíò tí omi wọ̀, rédíò tí eku ti jẹ wáyà ẹ̀ tán, Bọ̀ọ̀dá á tú u palẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, á tò ó padà, rédíò á máa sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún 24 ni wọ́n ní 1990, nígbà tí wọ́n sọ fún bàbá àgbà pé rédíò kan tí kò ní bátìrì nínú ń dárúkọ àwọn.

Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé yín mọ èyí tó kù, mi ò ní rò ó tán. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ rédíò ló wọ̀ wọ́n lórí. Àwọn kan ní ọgbọ́n wọn ló pọ̀ jù, orí ò gbé e. Oríyìn lèyí jẹ́ lójú àwọn tó ń sọ ọ́. Wọ́n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ adáhunṣe kan lójú ọ̀nà Orè, ìyẹn fún wọn ní àgbo egbò asofẹ́yẹjẹ, Bọ̀ọ̀dá sì sùn fún ọjọ́ méjì gbáko. Ẹ má fojú di àgbo yẹn o. Nǹkan kan wà lára igi náà tí wọ́n ń pè ní reserpine. Ní 1952 ni àwọn onímọ̀ yọ ọ́ jáde lára ìbátan asofẹ́yẹjẹ tó ń hù ní Íńdíà, àwọn dókítà Òyìnbó sì fi tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ láàárín àwọn ọdún yẹn kí oògùn míì tó gbapò ẹ̀. Bàbá náà mọ ohun tó ń ṣe. Ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ ni kò mọ̀, torí pé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ mú Bọ̀ọ̀dá kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, ó sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọwọ́ ilé ni o."

Wòlíì kan lórí òkè àdúrà ló wá sọ ẹni tó wà nílé. Ó ní òun rí obìnrin dúdú kan, kúkúrú, tó sún mọ́ bàbá wọn. Àpèjúwe yẹn bá ọ̀pọ̀ obìnrin Oǹdó mu. Ó bá màmá mi alára mu. Ṣùgbọ́n Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì bàbá àgbà, ni gbogbo ojú yí sí. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kí rédíò tó dárúkọ Bọ̀ọ̀dá, òun àti ìyá àgbà ti jà lórí ibi tí wọ́n máa sá kòkó sí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, bí ọgbọ́n àgbà ni wọ́n sì ṣe ń pa á létí mi. Mo ti wá ń rò ó pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò sẹ́ni tó na Ìyá Kékeré. Wọn ò lé wọn jáde. Wọ́n kàn ò jẹ oúnjẹ wọn mọ́ ni. Bó bá kan Ìyá Kékeré láti dáná, wọ́n á gún iyán, wọ́n á bù ú, wọ́n á gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó máa kàn án. Iyán á tutù, á gan, Ìyá Kékeré á wá kó o kúrò lálẹ́ láìbá ẹnikẹ́ni wí. Màmá mi ní ohun tó ń dun àwọn jù nìyẹn, pé obìnrin náà ò ṣíwọ́ iyán gígún. Ní 2001 tí wọ́n kú, odó wọn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Wọ́n kú tán, rédíò ò dẹ́kun àtimáa dárúkọ Bọ̀ọ̀dá.

Orí òkè ńkọ́? Oṣù méje ni Bọ̀ọ̀dá lò níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àpá ẹ̀ ṣì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ wọn òsì, ó ń dán bí awọ ìlù. Òfin tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọpọlọ nígbà náà, òfin ọdún 1958, Lunacy Act lorúkọ ẹ̀, òfin wèrè ní kúkúrú. Ó di oṣù kìíní 2023 kí ààrẹ tó fọwọ́ sí èyí tó rọ́pò ẹ̀.

## Ẹ̀san àti ẹ̀bùn

Ẹ mọ bí wèrè ṣe ń wọ fíìmù Yorùbá. Ó sábà máa ń jẹ́ ìparí. Ìyàálé tó fi oògùn pa ọmọ orogún, ọ̀rẹ́ tó fi ọ̀rẹ́ ṣòwò, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ ara ẹ̀ ya, á bọ́ sójú ọjà, á máa jẹ́wọ́, àwọn èrò á máa na ìka sí i. A ó ní ó tọ́ sí i. Mo dàgbà sínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá sì ń jókòó tì wá nínú pálọ̀ nígbà míì tí a bá ń wò ó. Kò sẹ́ni tó rò ó láti yí ìkànnì.

Ìdí nìyẹn tí àwọn fíìmù indie fi dà bí omi tútù lójú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn. Kò sẹ́ni tó ń sáré níhòòhò. Iná ibẹ̀ tutù, orin ibẹ̀ dùn, wèrè ibẹ̀ lọ́gbọ́n lórí, ó ń pani lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń rí ẹni fẹ́. Yorùbá ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù yìí gé òwe náà sí méjì, wọ́n mú apá àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Kansas, torí pé èsì àwọn òbí yẹn kò tán síbi tí mo túmọ̀ ẹ̀ fún màmá mi. Jon gbà gbọ́ pé ìyà tó jẹ Frank ló sọ ọ́ di olórin, òun náà sì ti ń wá irú ìyà bẹ́ẹ̀ kiri. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní láti ìbẹ̀rẹ̀ lọmọ àwọn ti mọ orin. Bí àìsàn yẹn bá ṣe nǹkan kan, ó fà á sẹ́yìn ni. Mo dá fíìmù dúró níbẹ̀. "Ọgbọ́n wọn ló pọ̀ jù, orí ò gbé e." Ohun tí Jon gbà gbọ́ náà kọ́ nìyí? Bọ̀ọ̀dá ti mọ rédíò tún ṣe kí rédíò tó dárúkọ wọn. Ọdún tí wọ́n gbádùn jù ni wọ́n tún rédíò ṣe jù. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú rédíò 14 palẹ̀, wọn ò lè to ọ̀kan padà, àwọn oníbàárà wá kó eegun rédíò wọn lọ sílé nínú ọ̀rá.

Ẹ̀san ni wèrè nínú fíìmù tiwa. Nínú tiwọn, ẹ̀bùn ni. Mo ti rò pé ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì. Ní báyìí, mo rí i pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, wòlíì orí òkè sì ni ẹ̀gbọ́n wọn: kò sí èyí tó lè jẹ́ kí àìsàn jẹ́ àìsàn lásán nínú wọn. Ó gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ohun tí mo fi gbé Frank ga ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ó fi wákàtí kan àti ààbọ̀ ta ẹ̀bùn náà fún ẹ, o ti rà á, o ti ń yọ̀, ó wá gbà á padà lọ́wọ́ ẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú pálọ̀ àwọn arúgbó méjì.

Ọ̀kan míì wà tí mo ti ń bá jà nínú ọkàn mi, Lars and the Real Girl, tí Craig Gillespie darí ní 2007. Lars, tí Ryan Gosling ṣe, ń gbé ní ìlú kékeré kan ní Wisconsin. Ó ra bèbí tó tóbi tó èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní àfẹ́sọ́nà òun ni, Bianca lorúkọ ẹ̀. Dókítà ní kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ má bá a jiyàn. Ni gbogbo ìlú bá gbà fún un: wọ́n gbé Bianca lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣe irun fún un, wọ́n wáṣẹ́ fún un. Nígbẹ̀yìn, Lars ní Bianca kú, wọ́n sin ín, ara Lars yá. Fíìmù náà sì rí i dájú pé a mọ ohun tó fà á: ìyá Lars kú níbi tó ti bí i, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sì ti lóyún báyìí. Ó wọ ara wọn bíi kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo. Wòlíì wa ì bá fẹ́ràn ẹ̀.

Síbẹ̀ mi ò lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀, nítorí ìlú yẹn. Àwọn tó bá rò pé àlá oníṣẹ́ fíìmù nìlú bẹ́ẹ̀ ò gbọ́ nípa Arò. Ní 1954, ní Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn alárùn ọpọlọ sínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ibẹ̀ ká, nínú ilé àwọn àgbẹ̀. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó máa bójú tó o. Aláìsàn á wá gba ìtọ́jú, á padà sí abúlé. Ẹni tó bá lè roko á bá wọn roko. Dókítà Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn, ayé sì gbọ́ nípa ẹ̀ débi pé wọ́n di igbá kejì olórí àjọ ìlera àgbáyé lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sẹ́sẹ̀ Bọ̀ọ̀dá ní 1990, ọgbọ́n yẹn ti lo ọdún 36 ní Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ tí ì bá gbé e dé Oǹdó ni ò tíì rí èrò.

Ìjà mi pẹ̀lú Lars ni pé kò tíì rẹ ìlú yẹn tí àìsàn fi lọ. Oṣù díẹ̀ ni. Ìyá alákàrà tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wa ti ń bu àkàrà kan lé ti Bọ̀ọ̀dá láràárọ̀ láti bí ọdún mẹ́jọ, láràárọ̀ náà ló sì ń bínú pé wọn ò kí òun. "Ẹ ò kí mi o! Ọ̀la mi ò fún yín!" Ọ̀la dé, ó fún wọn. Mi ò mọ fíìmù tó máa dúró de ìyẹn. Èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú àwọn tí mo ti wò ni Infinitely Polar Bear, ti 2014, tí Maya Forbes fi ọ̀rọ̀ bàbá tó bí i ṣe. Mark Ruffalo ló ṣe bàbá náà. Nínú ẹ̀, ẹ ó rí ilé tó rí wúruwùru, ẹ ó sì rí ọmọbìnrin méjì tí ojú ń tì láti mú ọ̀rẹ́ wọlé. Ojú títì yẹn, ẹni tí kò bá bá wèrè gbé kì í rántí láti fi í sínú fíìmù.

## Orí bẹ́ǹṣì

Ní 2003, lẹ́yìn tí ìyá àgbà náà ti lọ, màmá mi kó Bọ̀ọ̀dá wá sí Àkúrẹ́. Láti ìgbà náà la ti ń lọ síbi ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí fíìmù kan bá fẹ́ sọ òótọ́ nípa àìsàn yìí, bẹ́ǹṣì ni kó yà. Aago méje àárọ̀ la máa ń débẹ̀, a ó fi káàdì sílẹ̀, a ó jókòó. Obìnrin kan wà tó máa ń bá ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, géńdé, so bọ́tìnnì. Ọkùnrin kan wà tó wọ kóòtù, tó gbé àpò ìwé dání, ẹ ò lè mọ̀ bóyá òun ló ṣàìsàn tàbí ó sin èèyàn wá. Kò sẹ́ni tó ń dápàárá. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni iye tí oògùn ti di.

Oògùn ò sì gbádùn mọ́ àwọn fíìmù yìí rárá. Nínú Garden State, ti 2004, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáwọ́ nínú oògùn tí bàbá ẹ̀ ti ń kọ fún un láti kékeré, ni ayé bá ṣí sílẹ̀ fún un, ó tún rí ìfẹ́. Ó dùn ún wò. Bọ̀ọ̀dá náà jáwọ́ nínú oògùn, ní 2016, lẹ́yìn ìwàásù kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi wá wọn. Ọ̀wẹnà la ti rí wọn, wọ́n jókòó lẹ́bàá afárá, bàtà wọn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń dáhùn ìbéèrè tí a ò gbọ́.

Mi ò sọ pé oògùn ò ní wàhálà tiẹ̀. Abẹ́rẹ́ oṣooṣù yẹn mú kí ohùn inú rédíò lọ sílẹ̀ gan-an, àmọ́ ó fi ìgbọ̀nrìrì sí Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ wáyà kékeré mọ́ inú rédíò gbọ́dọ̀ lè gbé irin gbígbóná sójú kan, kí òjé yọ́, kó sì gbé e kúrò kíá. Bọ̀ọ̀dá dán an wò fún bí ọdún kan. Lọ́jọ́ kan mo wọ yàrá wọn, mo bá tábìlì tó kún fún àmì jíjó, tó-tò-tó, bí ẹni pé kòkòrò rìn kọjá lórí ẹ̀. Wọ́n ti di irin náà sínú àkísà, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oògùn tó dá orí wọn padà ló gba ọwọ́ wọn.

## Rédíò méjì

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn, mo tún ń wo ibi kan nínú Frank, torí ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ yìí. Mo rò pé Bọ̀ọ̀dá ń sùn. Ìgbà tí mo gbọ́ òórùn ọṣẹ ìfọṣọ wọn lẹ́yìn mi ni mo mọ̀ pé wọ́n ti dúró síbẹ̀. Àyà mi já. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa gba ti ọkùnrin olórí bébà yẹn, mo sì ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi pa á dé.

Bọ̀ọ̀dá ò wo Frank. Clara ni wọ́n ń wò, obìnrin inú ẹgbẹ́ náà tó dúró ti àpótí kan, tó ń gbé ọwọ́ sókè sódò nínú afẹ́fẹ́, tí nǹkan ń ké.

"Kí lobìnrin yẹn ń fọwọ́ kàn?"

"Kò fọwọ́ kan nǹkan kan, sà. Theremin ni wọ́n ń pè é."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan kọ̀ǹpútà. "Ériàlì nìyẹn. Rédíò méjì ló ń bá ara wọn jà nínú ẹ̀."

Mo lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ará Rọ́ṣíà kan, Leon Theremin, ló ṣe é ní nǹkan bí 1920: ìgbì méjì irú ti rédíò tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àlàfo tó wà láàárín wọn ló ń di ohùn, ọwọ́ èèyàn tó bá sì sún mọ́ ériàlì á yí ọ̀kan nínú wọn padà. Bọ̀ọ̀dá ò nílò Leon Theremin. "Ara èèyàn, kàpásítọ̀ ni," wọ́n ní, wọ́n yí padà, wọ́n lọ sí yàrá. Mo gbọ́ tí wọ́n ń tú àpótí. Wọ́n gbé rédíò méjì bọ̀, àwọn rédíò àtijọ́, ọ̀kan ò ní ẹ̀yìn.

Mo bi wọ́n pé orí bébà tí ọkùnrin yẹn wọ̀ ńkọ́.

"Ooru á máa mú un." Wọn ò gbójú sókè. "Lọ mú bátìrì wá."

Wọ́n to rédíò méjèèjì síwájú ara wọn lórí àpótí tí kọ̀ǹpútà mi wà. Wọ́n yí ọ̀kan sí ilé iṣẹ́ kan tó ń kéde òkú, wọ́n wá ń yí èkejì díẹ̀díẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́ ju ìkéde òkú lọ. Màmá mi ti ilé ìdáná béèrè pé kí ni à ń ṣe. Lójijì nǹkan ké fíìì, ó gba ohùn olùkéde kọjá, ó lọ sókè, ó wá sí ìsàlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn rédíò tó ṣí sílẹ̀, láìfi kàn án. Bí ọwọ́ ṣe ń sún mọ́ ọn, ohùn ń tẹ̀ lé e. Nítorí pé ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ohùn náà ń gbọ̀n pẹ̀lú ẹ̀, bí ohùn arúgbó obìnrin tó ń dá orin ṣọ́ọ̀ṣì.

Lójú tèmi, orin ni. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi.

Bọ̀ọ̀dá yọ ọwọ́ kúrò, wọ́n pòṣé. "Ọwọ́ yìí ni ò jẹ́ kó dúró sójú kan. Fi tìẹ síbẹ̀."

Mo fi tèmi síbẹ̀. Ó dúró.